Kò Sí Ọkọ̀ Ojú Omi Nínú Ìtàn Ìyá Oníná

Ilé Iṣẹ́ Àwọn Obìnrin,
Mirrindu,
Àríwá Ọsirélíà.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìjì.

Coralie, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ ń rí oorun sùn nínú ariwo Melbourne yẹn, àti pé èyí àbíkẹ́yìn ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń dà á láàmú nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àwa náà wà láàyè, gbogbo wa pátá. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ má baà já, nítorí mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ìròyìn ìjì náà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ti lọ. A bá ajá Lockie lórí òrùlé ilé ìwòsàn, a ò sì tíì mọ bó ṣe débẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òkú. Ìkíni parí síbẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní díbọ́n.

Òpó fóònù ti wó, ìdí nìyí tí mo fi ń fi bírò kọ̀wé bí ará àtijọ́. Bàlúù tó kó oúnjẹ wá ló máa mú lẹ́tà yìí lọ, awakọ̀ rẹ̀ sì ti sọ pé bí wọ́n bá ti já ẹrù tán, òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Darwin, wọ́n kọ́ wa pé kí a máa fi ohun tí a ń béèrè ṣáájú àlàyé. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mò ń béèrè. Bí o bá ti ka ìlà yìí, gbé fóònù rẹ, pe Philippa ní ilé ìtẹ̀wé, kí o sọ fún un pé kí wọ́n má tẹ ìwé yẹn. Má sọ pé “ẹ jẹ́ ká tún un wò.” Má sọ pé “bóyá.” Sọ pé rárá. Kí wọ́n yọ ọkọ̀ ojú omi yẹn kúrò, kí wọ́n dá òpin ìtàn padà sí bó ṣe wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ rárá. Èmi ti pè é kí ìjì tó dé. Ó ní orúkọ rẹ ló wà níwájú ìwé, pé ìwọ nìkan lo lè dá a dúró. Ó dára. Dá a dúró.

N kò mọ ìdí tó fi yẹ kí n máa rán ọ létí èyí, àfi bí ìlú ńlá bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ìtàn Ìyá Oníná, ilé bàbá rẹ ló ni ín. Ìwọ àti Màmá Ettie, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, lẹ ṣẹ́kù tí ẹ lè sọ ọ́. Èmi, tí mo jogún iṣẹ́ ṣíṣọ́ ìtàn náà lọ́wọ́ ìyá mi, èmi ni alábòójútó. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè pè é ní tèmi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti onítàn, bó bá sì ṣì í sọ, kí n la ẹnu pé, “Dúró níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.” Onítàn ìbáà hu irùngbọ̀n funfun délẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró. Bàbá rẹ, olóògbé tí àṣà wa kò gbà kí a dárúkọ, kò sọ ìtàn yẹn rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo ibi tí ìyá mi jókòó sí, tí ìyá mi sì mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ sọ ọ́ fún gbogbo ayé, o ò bojú wẹ̀yìn kí o wò bóyá ẹnìkan jókòó síbẹ̀.

N kò ní sọ ìtàn náà nínú lẹ́tà yìí, nítorí kì í ṣe tèmi láti sọ. Ibi tí o ti bà á jẹ́ ni mo máa tọ́ka sí, ẹ̀tọ́ mi nìyẹn. Nínú èyí tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, nígbà tí ìjì dé tí òkun ń gun ilẹ̀ bọ̀, ìyá arúgbó mú igi iná kan, ó ní kí àwọn ọmọ kẹ̀yìn sí òkun. Wọ́n la igbó inú ẹrẹ̀ kọjá, wọ́n gba ọ̀nà òkè pupa lọ. Nígbà tí wọ́n bá ní ó ti rẹ àwọn, kì í pẹ̀ wọ́n. Ó máa ń ní, “Ẹ fẹ́ iná.” Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó jókòó, ó di òkúta tó wà ní ṣóńṣó ilẹ̀ wa títí dòní, ó sì fi iná lé ọmọ tó kéré jù lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ló gbé iná dé òkè. Àwọn ló dáná. Nínú èyí tí ìwọ àti Philippa ṣe, àwọn ọmọ kọjú sí òkun. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, ọkọ̀ ojú omi funfun kan tó ní iná ńlá níwájú yọ, ọkùnrin kan tó dé fìlà gbé gbogbo wọn wọlé, ó gbé ìyá arúgbó náà pẹ̀lú. Igi iná bọ́ sómi, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìtàn ìfaradà àti àṣà ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ni. Ìfaradà wo? Ta ló fara da nǹkan kan nínú ìwé yẹn? Ọkọ̀ ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Nígbà tí mo pè ọ́ lórí rẹ̀, o ní, “Àǹtí Verna, ọkàn àwọn ọmọ ìlú ńlá ò lè gbé e pé ìyá yẹn kú sẹ́yìn. Ìwé tó bá ń pa ọmọdé lẹ́kún ò ní tà.” Jọ̀wọ́, má kọ́ mi ní ọjà títà. Láti ìgbà tí o ṣì ń fi ìka ya ilé sórí iyanrìn ni mo ti ń ta aṣọ àti agbọ̀n àwọn obìnrin ìlú yìí fún àwọn tí kò mọ ibi tí Mirrindu wà. Ìtàn ọmọdé tí àjèjì wá gbà là kún orí àtẹ wọn níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí àwa ní tí ẹlòmíràn kò ní ni pé àwọn ọmọ tiwa gbé iná dé òkè fúnra wọn. Ẹ da ọjà nù, ẹ wá ń ta páálí. Lẹ́yìn náà lo tún wá sọ èyí tó bí mi nínú jù: “Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rò ó. Tó bá di lẹ́yìn Kérésìmesì, a máa jọ sọ̀rọ̀.” Coralie! Ìjì náà kò dúró kí ẹ rò ó tán.

Mo mọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe wọ inú ìtàn, nítorí mo ti bi gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò sí nílé. Mo lọ bá àwọn ìjọba fa ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mànàmáná wa ní Darwin, ìwọ náà sì mọ̀ pé mo lọ. Ìgbà yẹn gan-an lo mú Philippa wá. Ẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ka òpin tuntun náà sókè, ó wá bi Màmá Ettie pé, “Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀, Màmá?” Màmá ní, “Ó dára, ó dára.” Ó bi Bàbá Silas, òun náà ní ó dára. Gbogbo wọn ní ó dára. Philippa gba ohùn wọn sínú fóònù rẹ̀, ó dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ bàlúù, ẹ lọ. Ẹ ò tíì fò tán tí Màmá Ettie fi ní, “Ọmọ yẹn mà lè sọ̀rọ̀ o! Ẹ bá mi wo ẹja yẹn kó má jóná.”

Ta ló yẹ kó sọ fún Philippa pé bí a ti ń ṣe sí àlejò níbí nìyẹn? Pé a kì í ta àlejò nù lójú ara rẹ̀, pé a máa ń gbà fún un kó lè jẹun kó sì lọ ní ìrọ̀rùn, pé ìdáhùn gidi ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí alábòójútó bá délé? Inú rẹ̀ la bí ọ sí. O jókòó síbẹ̀, o rí i pé ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò bí wọ́n ti ń gbà, o sì jẹ́ kí obìnrin náà máa yọ̀ lọ sílé. Philippa béèrè, wọ́n dá a lóhùn. N kò lè bá a jà tó bí mo ṣe fẹ́. Ìwọ ni mo fẹ́ bá jà. Nígbà tí mo padà dé, mo bi Màmá Ettie pé, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé rárá?” Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, “Verna, ṣé kí n wá máa lé àlejò ni? Ṣebí Coralie wà níbẹ̀. Mo rò pé á sọ fún un tí wọ́n bá ti wọ bàlúù.”

Ṣé o gbọ́? Ó fi ọkàn tán ọ pé wàá sọ ọ́ nínú bàlúù.

Nígbà tí àwọn ẹ̀dà àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó tẹ ìwé náà fún títà dé sí ilé ìwé, tíṣà tuntun wa, Ọ̀gbẹ́ni Gavan, pe gbogbo ìlú wá wò ó. N kò ní purọ́ fún ọ: àwọn àwòrán yẹn lẹ́wà. Òkun inú rẹ̀ jẹ́ òkun wa gan-an, ilẹ̀ pupa yẹn sì pupa bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ ń ti ara wọn kiri. “Èmi nìyẹn!” “Irọ́ ni, imú ẹ ò tó bẹ́ẹ̀!” “Imú tìẹ ńkọ́, bíi ti ẹja!” Màmá Ettie ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ibi ọkọ̀ ojú omi. Ó pa ìwé náà dé. Ó fi í sórí àga, ó sì jókòó lé e. Gavan ní, “Màmá, orí ìwé yín lẹ jókòó sí o.” Màmá ní, “Mo mọ̀. Ó tẹ́ ìdí lọ́rùn.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, kò sì dìde lórí rẹ̀ títí ìpàdé fi parí. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi wò ó. Ó di etí àga mú pinpin.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ ìtàn fún ọmọ kankan mọ́. Wọ́n á lọ bá a lábẹ́ igi bí wọ́n ti máa ń ṣe, á ní, “Ẹ lọ bá ọkọ̀ yín. Ó ti ní iná tirẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi tèmi ṣe?” Ṣé o ṣì rántí bó ṣe ń rí? Ó máa di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni iná, gbogbo wa á máa fẹ́ ẹ, fúù, fúù, títí itọ́ wa fi máa bo ọwọ́ ìyá arúgbó. Bó bá parí, á tú u sínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tó kéré jù, ọmọ náà á sì di í délé, kò gbọdọ̀ ṣí i lójú ọ̀nà. Bó bá délé, wọ́n á bi í pé, “Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?” Á ní, “Iná ni.” Ìgbà náà ni á tó ṣí i sórí ààrò. Ọjọ́ tó kàn ọ́, òjò pa ọ́, ajá lé ọ, o ṣubú sínú ẹrẹ̀, síbẹ̀ o gbé ẹ̀ṣẹ́ dídì wọlé. Bàbá rẹ bi ọ́, o dáhùn, o wá ní o ò ní ṣí i, nítorí ààrò wọn kò mọ́ tó. Ọwọ́ òsì lo fi jẹ ẹja lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú ìwé tí o ṣe, kò sí ibì kankan tí ọmọ ti lè fẹ́ nǹkan kan. Kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wo ọkọ̀ ni.

Ó wá kan ìjì. O mọ Shonelle, nọ́ọ̀sì wa, ìyàwó Lockie. Ọmọ rẹ̀ Tarnee fẹ́ràn ìwé rẹ ju ẹnikẹ́ni lọ. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń fi í sí. Nígbà tí rédíò ní kí gbogbo wa gun òkè lọ sí ilé ìwé, Shonelle wà ní ilé ìwòsàn, ó ń kó àwọn aláìsàn jáde. Ó rò pé Tarnee àti Jobe àbúrò rẹ̀ ti bá ìyá Lockie lọ. Ìyá Lockie rò pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tí mò ń pe orúkọ àwọn ènìyàn ní agboolé-agboolé. Mo pe Tarnee, kò jẹ́. Mo pe Jobe, kò jẹ́. Shonelle figbe ta. Ẹni kan ní bóyá wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, ẹni kejì ní bóyá ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Ettie, tó ti jókòó ní kọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló ní, “Ẹ yé wá wọn nílé. Wọ́n ti lọ bá ọkọ̀.”

Èmi àti Lockie wọ Toyota, a sọ̀ kalẹ̀. Òkun ti gun ojú títì. A bá wọn lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń tún ẹja ṣe létí omi. Omi ti dé ìbàdí Jobe, kò tilẹ̀ lè sunkún mọ́. Tarnee gun orí tábìlì, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn sí ojú òkun. Lockie gbé Jobe, mo di Tarnee mú, ọmọ náà bá mi wọ̀yá ìjà. “Àǹtí, ẹ dúró díẹ̀! Wọn ò tíì rí tọ́ọ̀ṣì mi ni! Ó ń bọ̀!” Ó bù mí jẹ, Coralie. Apá mi ṣì wú bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ó bù mí jẹ kí n lè fi òun sílẹ̀ kí òun dúró de ọkọ̀ rẹ. Nígbà tí a gun òkè dé ìdajì tí mo bojú wẹ̀yìn, àtíbàbà náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọmọ náà kò gbọ́n. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ìtàn sọ fún un pé bí ìjì bá dé, kó mú àbúrò rẹ̀, kó kọjú sí òkun, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìṣìṣe. Bí àwa náà ṣe gbọ́ràn nìyẹn ní kékeré, àfi pé ìtàn tiwa ní kí a kẹ̀yìn sí i. Àwọn tó ṣe ìtàn yẹn sílẹ̀ kò fi òkè pupa síbẹ̀ nítorí kó lè dùn létí. Ibẹ̀ ni omi kì í dé. Òun ni ilé ìwé wà lórí rẹ̀ lónìí. Ìwọ àti Philippa fi ìka kan nu òkè kúrò, ẹ fi ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí ọmọ kan ní Melbourne lè sunkún.

Nígbà tí a mú wọn wọlé, Tarnee kò dákẹ́. “Ọkọ̀ yẹn ìbá wá! Ẹ ò jẹ́ kó rí wa! Ó wà nínú ìwé!” Màmá Ettie dìde ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ó ní, “Òótọ́ lo sọ. Ọkọ̀ funfun kan wá síbí rí. Iná wà níwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó dé fìlà wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo wọ̀ ọ́.” Tarnee ní, “Ṣé wọ́n gbà yín là, Màmá?” Màmá ní, “Wọ́n kó wa lọ sí erékùṣù àwọn míṣọ́nnárì. Mo kéré sí ọ. Ìyá mi ń sáré tẹ̀lé wa létí omi, ó ń sáré, títí ilẹ̀ fi tán.”

Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba kó àwọn ọmọ kan kúrò lọ́wọ́ òbí wọn nígbà náà, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Mo mọ̀ pé ìwọ náà kò gbọ́ ọ. Bí mo bá gbà pé o gbọ́ ọ tí o sì jẹ́ kí wọ́n ya ọkọ̀ yẹn, n kò ní kọ lẹ́tà sí ọ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìtàn fi ní alábòójútó nìyí. Onítàn kò lè mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìtàn rẹ̀. Ìyá mi ìbá wà lábẹ́ máńgòrò yẹn, ọkọ̀ kankan kò ní wọlé.

Ó wá di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ya páànù lókè orí wa, kò sì tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó kọ́kọ́ wò mí. Mo mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ iná, gbogbo ọmọ fẹ́ ẹ, àwọn ìyá fẹ́ ẹ, Bàbá Silas tí kò léyín fẹ́ ẹ títí ó fi ń húkọ́, Gavan fẹ́ ẹ, Shonelle ń sunkún, ó ń fẹ́ ẹ. Tarnee nìkan ló kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá òun ló ń fẹ́ ẹ jù. Bí ó ti parí, Jobe ló kéré jù, ṣùgbọ́n ó ti sùn lọ. Màmá tú iná náà sí ọwọ́ Tarnee.

Ọmọ náà di ọwọ́ yẹn sùn, ó di í jí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ó di í sọ̀ kalẹ̀ láàárín páànù àti pákó tó bo ilẹ̀, Lockie fẹ́ gbé e, ó kọ̀. A dé ibi tí ilé wọn wà, ilé kò sí níbẹ̀. Ààrò ẹ̀yìn ilé nìkan ló kù, òkúta rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ̀. Shonelle dúró lójú ibi tí yàrá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó yíjú, ó rí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó nu ojú nù. Ó ní, “Tarnee, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?” Ọmọ náà ní, “Iná ni.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí i sórí ààrò. Lockie wá igi tó gbẹ díẹ̀, ó dáná síbẹ̀, a sì se tíì fún gbogbo àdúgbò.

Ìtàn tí kò ní tà nìyẹn o.

Nítorí náà, ohun tó kù láti ṣe kò pọ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ńlá fún ọ. Pe Philippa. Lẹ́yìn náà, wọ bàlúù wá sílé. Màmá Ettie ní ìwọ ni òun máa sọ ìtàn náà fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì sọ ọ́ padà fún òun, èmi á jókòó tì yín. Èyí tí mo bá mi orí sí, kí Philippa tẹ ìyẹn. Kí òun náà bá ọ wá bó bá fẹ́, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó fẹ́ iná bí gbogbo ènìyàn. Màmá kò bá ìwé ṣọ̀tá. Ó ní àwọn àwòrán yẹn dára, kí wọ́n ṣáà ti fi omi fọ ọkọ̀ yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n kò lágbára mọ́, Coralie. Ìtàn tó sọ nínú ìjì yẹn gba nǹkan lára rẹ̀, láti ọjọ́ náà orí ẹní ló ń jẹun. Bó bá lọ tí o kò tíì jókòó síwájú rẹ̀, èmi ni yóò kù: èmi tí mo mọ gbogbo ibi tí ìtàn náà ti lè wọ́, tí n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti la ẹnu sọ ọ́. Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Kí ènìyàn máa ṣọ́ ilé tí onílé kò ní padà sí.

Má rò ó. Wá.

Kí ilé rẹ tòrò. Kí ara ọkọ rẹ le, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má wọmi. Kí àwọn ọmọ rẹ má rí ìjì tó ju agbára wọn lọ, bí wọ́n bá sì rí i, kí wọ́n mọ apá ibi tó yẹ kí wọ́n kọjú sí. Kí wọ́n má dúró de ọkọ̀ kankan láyé wọn. Kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wa lásìkò.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bínú sí ọ, tí kò sì lè kọ̀ ọ́, alábòójútó ìtàn ilé bàbá rẹ,

Verna.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé pa nígbà tí Màmá Ettie ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á tán. Ó ní, “Ó dára, ó dára.” Mo ní, “Màmá, ṣé èmi náà ti di àlejò ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó ti gùn jù, mo sì ti bú ọ jù, pé ká ní òun lè kọ̀wé ni, ìlà kan péré ni òun ìbá kọ. Awakọ̀ ń pariwo orúkọ mi níta. Mo ní, “Ó dára, ẹ wí kíákíá.” Ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìhà ibi tí o wà. Ó ní, “Bi í pé: Coralie, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?”